Súwẹ́tà Àgùntàn Ìyá Reet

Ní erékùṣù wa, Kihnu, yẹ̀rì obìnrin ló ń sọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Bí inú bá dùn, pupa ni. Bí èèyàn ẹni bá kú, dúdú ni. Tó bá pẹ́, ilà pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ètò tó dára ni. Ibi tó kù sí kò ju pé gbogbo wa la bára wa tan.

Ọkọ Veera bá òkun lọ. Veera ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tọkàntọkàn. Bí ilà pupa àkọ́kọ́ ṣe fẹ́ yọ báyìí ni bàbá ọkọ kú, ó bá padà sí dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n kan tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, tó sì kú bí ẹni mọ̀ọ́mọ̀. Liis ọmọ rẹ̀, tó ń rákò nígbà tí dúdú yìí bẹ̀rẹ̀, ló wá ń lọ sílé ọkọ báyìí. Veera ti hun yẹ̀rì pupa kan pa mọ́ sínú àpótí. Kó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kò tọrọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni Reet, ẹ̀gbọ́n ìyá Veera, dùbúlẹ̀ àìsàn.

Láràárọ̀ ni Veera ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ ẹja. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Reet nìkan ni kò yìn ín.

“Veera, ṣé èmi lo wá wò ni, àbí yẹ̀rì ẹ?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Irọ́. Èmi ni mò ń wúkọ́, ìwọ lò ń làágùn.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́ lóòótọ́. Veera tún làágùn.

“Ó dáa, gbọ́,” ni Reet wí. “Hun àgùntàn kékeré kan fún mi, tí màá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Kó ní súwẹ́tà tiẹ̀, irú èyí tí àwọn ọkùnrin wa ń wọ̀ lọ sókun gẹ́lẹ́. Mi ò ní kú títí wàá fi wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn.”

“Màmá, àgùntàn tó ti nírun lára, kí ló fẹ́ fi súwẹ́tà ṣe?”

“Ìwọ náà láṣọ lára, o ṣì ń wá pupa.”

Kíá ni Veera hun àgùntàn, ó ki irun àgùntàn sí i nínú, ikùn rẹ̀ rí roboto. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan súwẹ́tà, abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí eegun ẹja ló mú. Ó ń kó búlúù pọ̀ mọ́ funfun, ojú òwú kan lẹ́yìn òmíràn. Ní etí ìsàlẹ̀, ó fa ilà pupa tó ń lé ibi sẹ́yìn.

Reet fi ìka wò ó. “Ojú ibí yìí fẹ̀. Tú u.”

Mi ò rí ẹni tí wọ́n ní kó tú iṣẹ́ rí tínú rẹ̀ dùn tó báyẹn.

Apá méjì fẹ́ parí kí ìgbéyàwó tó dé. Ẹ̀rù ba Veera.

“Ẹsẹ̀ mélòó ni àgùntàn ní?” ni Reet béèrè.

“Mẹ́rin, Màmá.”

“Apá méjì lo wá ń hun fún un?”

Báyìí la ṣe dé ọjọ́ ìgbéyàwó. Veera wọ pupa, ó jó títí bàtà rẹ̀ fi bọ́. Wọ́n gbé Reet wá; ó jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó mu bíà, ó jó ẹsẹ̀ kan. Ara rẹ̀ ti ń yá ju ti ọkọ ìyàwó lọ.

Liis bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú Pärnu, lódìkejì omi. Ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù: “Màmi, ẹ wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa. Kí ló dì yín mú?”

“Apá súwẹ́tà kan ló kù.”

Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ojú omi ń lọ, ó ń bọ̀. Bí Veera bá lọ, ta ni yóò se ọbẹ̀? Bí Reet bá sì kú, pupa yóò padà sínú àpótí. Ló bá ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lójoojúmọ́, nínú yẹ̀rì pupa rẹ̀, ó ń hun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, apá kẹrin parí, kò sí bí kò ṣe ní parí. Veera gbé àgùntàn dání, kò lè wọ súwẹ́tà náà sí i. Reet wò ó títí. Ó gba àgùntàn, ó wojú fèrèsé.

“Òtútù ń bọ̀,” ló wí. “Etí ẹran yìí wà níta. Hun fìlà fún un ná. Ọbẹ̀ àná sì níyọ̀ jù.”

“Ẹ ṣeun, Màmá,” ni Veera wí, ó sì dìde lọ mú òwú wá.