Ohun Tí Mo Pe Ìyá Mi Nínú Ìwé

Ẹ̀rọ ìlọta ni ìyá mi fi tọ́ wa ní Múṣín. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé ní Yaba, ìdí ẹ̀rọ náà ni mo ń lọ, tí n óò máa bu omi sí ata fún un.

Mo wà ní fọ́ọ̀mù tuu lọ́dún 1972 tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Tíṣà ní kí a kọ àròkọ lórí ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ "stumbling block" ni, ó sì dùn lẹ́nu mi. Mo kọ ọ́ pé ìyá mi ni stumbling block mi.

Ìyá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó máa ń yẹ ìwé mi wò. Ó rí ìlà pupa tí tíṣà fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Kí ni wọ́n fà sí yìí?"

"Ohun tí mo pè yín ni, mà. Stumbling block."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rù bà mí. "Búlọ́ọ̀kù tó gbé ilé dúró ni."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà. Mo ń gbọ́, mo ń bu omi sí ata.

Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, ó pa ẹ̀rọ, ó wọ léèsì rẹ̀ kan ṣoṣo, ó bá mi lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Èmi ni sitọ́mbílìn búlọ́ọ̀kù rẹ̀."

Tíṣà wò ó, ó wò mí. "Mọ́mì, ta ló túmọ̀ rẹ̀ fún yín?"

Ó nawọ́ sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

Tíṣà ní, "Ó yá, tún túmọ̀ rẹ̀ fún wọn."

Ilẹ̀ ni mo ń wò. "Ohun ìkọ̀sẹ̀ ni."

Kò sí bí ìyá mi kò ṣe ní mọ ìyẹn. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti kà á sí i létí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, tíṣà," ó sì jáde. Mo tẹ̀ lé e délé.

Láti ọjọ́ kejì, kò pè mí sídìí ẹ̀rọ mọ́. Mo ṣí ìwé nínú yàrá, mi ò rí nǹkan kan kà. Lọ́jọ́ kẹta, mo jáde, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi.

"Gbé e sílẹ̀. Lọ kàwé rẹ, n kò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo kúnlẹ̀ lójú àwọn oníbàárà, mo ń bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti gbọ́. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Ó dárí jì mí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n títí mo fi jáde ilé ìwé náà, kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ ló máa ń rán sí ìpàdé òbí.