Àtàǹpàkò Nínú Ìwé Aísáyà

Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì Bàbá ni mo sábà máa ń rántí. Bàbá tó ń kọ́ wa ní Bíbélì ní ìjọ wa ní ìlú Greenbelt lókè òkun kì í yọ ọ́ kúrò nínú ìwé Aísáyà, bí àwa yòókù tilẹ̀ ti ń ṣí Mátíù. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ a sì máa rọra rìn lórí tábìlì, bí ẹni pé òun náà ń kàwé.

“Bàbá, ṣebí Jésù ni wòlíì ń wí?” Nọ́ọ̀sì kan láàárín wa kì í ní sùúrù. “Ẹ jẹ́ ká tètè débẹ̀, iṣẹ́ ń dúró dè mí!”

“Jésù ni, Sístà. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kó nígbèkùn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wòlíì náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọkún tán ná.”

Nígbà tí ìyàwó wọn kú, àlùfáà wa yára ṣí Ìhìn Rere láti tù wọ́n nínú. Bàbá kàn ń wo ojú fèrèsé, ojú wọn gbẹ, àtàǹpàkò wọn wà nínú Bíbélì tó wà lórí itan wọn. Nọ́ọ̀sì yẹn rọra gbọ́wọ́ lé ojú ìwé àlùfáà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí Bàbá sọkún tán ná.”

Ìgbà náà ni Bàbá tó sọkún.