Epo Tó Ń Tán Lọ́jọ́rú

Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà Lẹ́kí, tí eruku ń bo fèrèsé wa ní Jakande, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni èmi àti ọkọ mi ní. Tòkunbọ̀ ni, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ mi ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Igbó Ẹfọ̀n, tí kò jìnnà sí wa. Èmi a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Epo tí a bá rà lọ́jọ́ Ajé máa ń gbé wa parí ọ̀sẹ̀, yóò tún ṣẹ́ kù. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ́jọ́rú.

Ká ní ẹlòmíràn ni, ẹ́ńjìnì ni ì bá fura sí. Èmi, obìnrin ni mo fura sí. Mo tilẹ̀ mọ obìnrin náà: ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì wọn, tó ń gbé ní VGC, ẹ́síteètì àwọn olówó níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àlejò ní géètì. Ọkọ mi ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun gbé e délé lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ò wá. Ẹ̀ẹ̀kan! Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tèmi ti kọjá ẹran, egungun ló ń jẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì ọkọ̀ láàárọ̀ kó tó jáde, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orin mi. Tó bá dé, n ó ní mo gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀, n ó lọ ka òmíràn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, ìrìn ọkọ̀ náà ò ju ilé sí ọ́fíìsì, ọ́fíìsì sí ilé lọ. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọkọ̀ ò rìn, epo ń jó. Ṣebí ńṣe ni wọ́n ń jókòó sínú rẹ̀, tí wọ́n tan éésì!" Mo gba ara mi gbọ́ pátápátá.

Oúnjẹ ló ń jẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ jáde. Kò jẹ ẹ́ tán tó fi fọwọ́.

"Ṣé ohun tí o rò sí mi nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí epo yín dáhùn," ni mo wí.

Kò bá mi jà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Ìwọ máa gbé ọkọ̀. Màá máa wọ ọkọ̀ èrò." Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo ní mo ti gba ibi ìpàdé lọ́wọ́ wọn.

Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, láti ilé dé ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, tí kò jìnnà ju ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Mi ò gbé ẹnikẹ́ni, mi ò tan éésì. Epo tán lọ́jọ́rú. Ojú tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan ní Ajah. Ó yẹ plọ́ọ̀gì wò, ó gbọn fílítà, kò rí nǹkan kan. Ó wá ní kí a jọ wà á lọ wà á bọ̀.

"Àǹtí, ẹ wo abẹ́rẹ́ géèjì ooru ẹ́ńjìnì yìí. Láti ìgbà tí a ti ń rìn, kò gbéra nílẹ̀. Ẹ́ńjìnì yín ò gbóná tó, epo ló sì ń bu mu torí ẹ̀. Ta ló yọ tẹ́mọsítáàtì ẹ̀?"

Èmi ni. Nígbà tí ọkọ mi lọ sìnkú nílé wọn, ọkọ̀ hó mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, torí mi ò wo omi rẹ̀ kí n tó jáde. Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà ló yọ irin kékeré náà, tó máa ń sé omi mọ́lẹ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná. Ó jù ú sínú igbó. "Àǹtí, torí òtútù ilẹ̀ wọn ni òyìnbó ṣe fi síbẹ̀. Tiwa ti gbóná tẹ́lẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Mi ò sọ fún ọkọ mi, kó má baà bá mi wí. Ọkọ̀ ò hó mọ́, mo wọ aṣọ funfun, mo gbé èso lọ síwájú pẹpẹ láìwọ bàtà, mo dúpẹ́. Àṣé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lepo bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Àfọwọ́fà gbáà ni.

Mẹkáníìkì Ajah fi tuntun sí i, abẹ́rẹ́ sì gòkè dé àárín. Mo kọrí sílé, mo ń fẹnu dán ẹ̀bẹ̀ wò lójú ọ̀nà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ẹ́síteètì wa ni jíìpù kan dúró níwájú mi. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin ọ́fíìsì wọn ló ń wa ọkọ̀ náà. Téèyàn bá jáde ní Igbó Ẹfọ̀n, apá Ajah ni VGC wà, apá ìgboro ni tiwa. Àfi kí obìnrin yẹn kẹ̀yìn sílé ara rẹ̀ kó tó lè dé Jakande.

Jíìpù náà lọ. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́," ó wí, ó sì fà mí dìde. Ó fi kọ́kọ́rọ́ padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó pa ìka mi dé lé e lórí. "Máa lò ó. Mo ti rí ẹni tó ń gbé mi."