Kọ̀ǹpútà Bàbá Ìpàpó

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ náà, kí n jẹ ẹ̀pà tí wọ́n gbé fún mi, kí n sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ di àna ṣe ń ṣe, ọ̀rọ̀ Linux kì bá tí dé Ìpàpó. Ṣùgbọ́n bàbá àfẹ́sọ́nà mi, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tan kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lójú mi. Ó lọ wẹ̀, ó wọṣọ, ó padà wá, ẹ̀rọ náà kò tíì tàn tán.

"Ó ti ń darúgbó bíi tèmi," ni Bàbá wí.

Èmi náà bá fọwọ́ sọ̀yà. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Bàbá. Màá fi Linux, ètò míràn tó ń darí ẹ̀rọ, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows tó wà níbẹ̀. Á máa sáré bí ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi Linux sí ẹ̀rọ rí. Tèmi ni, mo sì ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kí méjèèjì jọ máa gbé inú ẹ̀rọ kan, mi ò ṣe é rí. Fídíò ni mo wò. Ọkùnrin inú fídíò náà ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó yẹ kí n ti fura.

Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Láti ọdún mẹ́ta ni Bàbá ti ń fi ìka méjì tẹ orúkọ gbogbo ọmọ tó kọ́ rí: ọmọ ta ni, ibi tó máa ń jókòó sí ní kíláàsì, àti ohun tó dà lẹ́yìn náà. Ó sọ fún mi pé òun ò kọ ọ́ síbòmíràn. Sátidé ló gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́ kí n gbé e lọ sílé. Sátidé kejì ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí àwọn ẹbí mi máa ti Ṣakí wá bá a tọrọ ọmọ rẹ̀.

Mo rò ó pé kí n kọ́kọ́ da iṣẹ́ Bàbá kọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n fíláàṣì kan ṣoṣo tí mo ní, Linux ló wà lórí rẹ̀. Mo ní kò séwu.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo bẹ̀rẹ̀. Mo gé díẹ̀ kúrò nínú àyè Windows, bí ìgbà tí èèyàn gé ilẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Mo pa ìdènà kan tó ń ṣọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń tàn, nítorí ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn ní kí a pa á. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti bi mí bóyá kí wọ́n fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ ni, àbí kí wọ́n nu gbogbo rẹ̀ nù, mo ka ìlà méjèèjì títí ojú fi ń ro mí kí n tó tẹ ti àkọ́kọ́. Ó dé ìdajì, iná lọ. Bátìrì Bàbá kò sì lágbára. Mo gbé ẹ̀rọ náà ní ṣíṣí bí ẹni gbé ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná, mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹ irun níwájú ilé wa, mo ki wáyà bọ jẹnẹrétọ̀ wọn kí n tó kí wọn.

Linux tàn wàrà. Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí n wo Windows, kí n rí iṣẹ́ Bàbá. Ojú ẹ̀rọ náà di búlúù, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta.

Mo pa á, mo tàn án. Nọ́ńbà. Mo dá ìdènà tí mo pa padà bí mo ṣe bá a. Nọ́ńbà. Mo gba inú Linux wọlé, mo rí ibi tí iṣẹ́ Bàbá wà, ó tilẹ̀ sọ bó ṣe tóbi tó fún mi, ṣùgbọ́n títì ló wà pa. Mo kà á lórí fóònù mi pé bí mo ṣe fọwọ́ kan ìdènà yẹn, ẹ̀rọ náà rò pé olè ti dé. Nọ́ńbà tó máa ṣí i wà nínú ákáǹtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀.

Kí n pe Bàbá, kí n bi í, ó parí. Àbí? Ọmọkùnrin tó ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ó pe bàbá ọmọ, kí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ àṣírí yín fún mi, mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́"? Ẹnu mi ò gbà á. Orúkọ ákáǹtì náà wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í méfò ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tì í. Nígbà tó sú mi, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ pé mo ti gbàgbé. Wọ́n ní àwọn ti fi àmì ìwọlé ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó ni ín. Fóònù Bàbá! Mo fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé Bàbá kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni mo tún ń gbìyànjú, lójoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi àmì ránṣẹ́.

Àfẹ́sọ́nà mi jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìsẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń pè mí.

"Kọ̀ǹpútà Bàbá ńkọ́?" Ọjọ́ Ajé nìyẹn.

"Ó ń lọ dáadáa."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: "Ṣé kò sí ìṣòro?"

"Ìṣòro kẹ̀?"

Lọ́jọ́rú ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo fi ìbínú dá a lóhùn pé ṣé kò gbà pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. "Mo gbà," ló wí. Inú mi dùn pé mo borí.

Ní kíláàsì tí mo ń kọ́, mo ń kọ nọ́ńbà síbi tó yẹ kí n kọ ọjọ́ sí, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ku ọjọ́ méjì, mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé kọ̀ǹpútà há abíyá, mo wọ mọ́tò Ìpàpó nínú eruku ọyẹ́.

Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mi ò sì dìde. Ilẹ̀ ni mo wà tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀.

"Nọ́ńbà wo?" ni Bàbá wí. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà. Ìyàwó ẹ ló bá mi ṣètò ẹ̀rọ yẹn, nọ́ńbà fóònù ẹ̀ ló sì fi sí i. Dìde, pè é."

Fóònù rẹ̀! Mo pè é. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tó fi gbé e.

"Ṣé bírò wà lọ́wọ́ ẹ?" ló wí. Kò kí mi.

Ó ka nọ́ńbà náà ní mẹ́fà mẹ́fà, lọ́nà mẹ́jọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Windows ṣí, orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé sì yọ, gbogbo wọn pé.

"Ó ti ṣí?"

"Ó ti ṣí."

"Láti ọjọ́ Àìkú ni àmì yẹn ti ń wọlé sórí fóònù mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi ẹ́. Bàbá lo wá lọ sọ fún, o ò sọ fún mi. Sátidé ni wọ́n máa bi mí lójú gbogbo ayé pé ṣé mo gbà. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ." Ó pa fóònù.

"Kí ló wí?" ni Bàbá bi mí.

"Ó ní kí n bá òun kí yín, sà."

Bàbá dúpẹ́, ó padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Mo tún dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe ohun tó wí nìyẹn."

Mo sọ ohun tó wí fún un, mi ò yọ ìkankan kúrò. Bàbá gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Mọ́tò Ìsẹ́yìn ṣì ń lọ nísinsìnyí," ló wí. "Fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀."