Lẹ́tà Màmá Ayẹni sí Jàpáànù

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà kì í kọ́ ìwé mọ́, ẹ kò tíì rí Màmá Ayẹni ní Bodija. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ló tún jókòó tó ń kọ́ ìwé bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìwé àwọn ará Jàpáànù ni o!

Olúsọjí, àkọ́bí rẹ̀, ló fà á. Ọdún kejìlá rèé tó ti wà lọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́yàwó. Oṣù mẹ́jọ gbáko, kò pe ìyá rẹ̀. Ọlájùmọ̀kẹ́, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá, á ní, "Iṣẹ́ ló pọ̀ fún Bọ̀ọ̀dá Sọjí, Màmá." Iṣẹ́ wo? Ìyàwó kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni Màmá bá ní èdè ìyàwó gan-an lòun yóò fi kọ̀wé sí i.

Peculiar, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Agbowó, ló ń wá kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Hùn, ìyà! Nínú àmì ọ̀rọ̀ wọn kọ̀ọ̀kan, ìlà tó dùbúlẹ̀ ló ń ṣáájú èyí tó dúró; bí o bá yí i padà, o ti ṣì í kọ nìyẹn. "Ìyá" nìkan gba ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ tán: Ṣé ara ọmọ mi le? Kó má gbàgbé pé òun ló máa sin mí. Ẹni ọmọ sin ló kúkú bímọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀.

Èsì dé nígbà tí Ọlájùmọ̀kẹ́ wà níbi iṣẹ́. Màmá rí "ìyá" nínú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Àmọ́ kinní kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Olúsọjí tí kò mọ̀. Iye ìlà tó wà nínú àmì ni wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí Peculiar fún un. Ó ka ti èyí: mẹ́ta péré. Ó ṣí ibi onílà mẹ́ta, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀ títí ó fi bá a. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: ẹni tó ti kú.

Kò sunkún. Ó jókòó sójú kan títí Ọlájùmọ̀kẹ́ fi wọlé, ó na lẹ́tà náà sí i. Ọmọ náà wólẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Àwọn ẹ̀gbọ́n Dádì ló ní kò gbọdọ̀ dé etí yín, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

"Gbogbo yín lẹ mọ̀?"

"Gbogbo wa, Màmá."

"Peculiar ńkọ́?"

Ọlájùmọ̀kẹ́ dorí kodò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá wí. "Mo jókòó síbí, mò ń bẹ òkú pé kó wá sin mí, ẹ sì ń bá mi gbẹ́ pẹ́ńsùlù."