Aránṣọ àti Orúnkún Rẹ̀ Méjèèjì

Bí ẹ bá gbé kóòtù lọ bá aránṣọ yìí, ẹ má purọ́ fún un. Ohun kan ṣoṣo tó ń bí i nínú nìyẹn. Ẹ lè pẹ́ kí ẹ tó wá gbé aṣọ yín, ẹ tilẹ̀ lè sanra láàárín ọjọ́ tó wọ̀n yín àti ọjọ́ tó rán an tán, kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró níwájú dígí rẹ̀, tí abíyá aṣọ ń fún yín, tí ẹ wá ń rẹ́rìn-ín pé, "Ó bá mi mu gan-an, mà," yóò yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, yóò ní, "Ṣé ìyìn ni mo bèèrè ni? Ibo ló ti ń fún ọ? Mi ò lè tún ohun tí o bá ń yìn ṣe."

Ó lé ní ogójì ọdún tó ti ń sọ ọ́ báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ jókòó sídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, kò sì fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn mọ́ láti ìgbà náà. Ìdí rẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ méjì, ìdí rẹ̀ náà ló ti ṣọ̀fọ̀ ọkọ. Àwọn ọmọ ra maṣíìnì oníná fún un nígbà kan. Ó dúpẹ́ tán, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí. Òdòdó náà ń ṣe dáadáa títí di òní.

Òkè ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ló sì gbé èèyàn débẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, òun àti àtẹ̀gùn náà wá di adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. A máa fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ nígbà mìíràn bí ọmọ ọwọ́, bí oníbàárà bá sì kan ilẹ̀kùn, a ní òun ń nu àtẹ̀gùn ni. Àtẹ̀gùn wo ni wọ́n ń nù lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́?

Dókítà oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n gbé e lọ bá jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kóòtù rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Aránṣọ ti rí ìyẹn kó tó jókòó. Dókítà ya orúnkún sórí ìwé, ó ní orí eegun méjèèjì tó pàdé níbẹ̀ ti gbó tán, irin àti ike làwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ó wá fi bírò kan eegun kékeré tó wà níwájú, èyí tó bo orúnkún bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò.

"Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa dókítà," ó ní. "Àwọn kan á ha ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi ike róbótó kan bò ó. Àwọn kan ní ká fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a."

"Báwo ni ike ọ̀hún ṣe tóbi tó?"

"Bíi bọ́tìnnì kóòtù ńlá, mà."

Inú aránṣọ dùn sí ìyẹn. Bọ́tìnnì lòun mọ̀. Dókítà ní àwọn ń ṣe ìwádìí, pé ẹni tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì bàjẹ́ làwọn ń wá. Orúnkún kan á gba bọ́tìnnì, èkejì ò ní gbà, wọn ò sì ní sọ èwo ni fún un títí ọdún mẹ́ta á fi pé. Lọ́dọọdún, wọ́n á bi í léèrè èyí tó sàn jù nínú méjèèjì. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe méjèèjì. Nígbà tó padà délé, àwọn ọmọ rẹ̀ pín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń pín ogún, ẹni tó lẹsẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ tó ń wò wọ́n. Àkọ́bí ọkùnrin, tó ń to páìpù omi jẹun, mú ọ̀tún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń bá ìyá wọn gbé, mú òsì. Láràárọ̀, kí olùkọ́ tó lọ síbi iṣẹ́, yóò bá ìyá rẹ̀ tẹ orúnkún òsì náà síwá-sẹ́yìn, yóò fi tépù ìránṣọ wọn bí gìgísẹ̀ ṣe súnmọ́ àga tó, yóò sì lẹ ìràwọ̀ oníbébà kan mọ́ ògiri bíi ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òsì kọ́kọ́ ká dáadáa, ó sáré wọ kíṣíìnì. Aránṣọ gbọ́ ọ tó ń sunkún ayọ̀ níbẹ̀. Kò gbàgbé ẹkún yẹn láéláé.

Nítorí kí òótọ́ má pamọ́, ọ̀tún sàn. Ọ̀tún ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Òsì náà dáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó sì fi ibi gbogbo sàn ju tàtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí aránṣọ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, nǹkan kan a máa já a jẹ níwájú, lẹ́yìn ọmọrí orúnkún yẹn gan-an. Ó di eyín mú, kò sọ fún ẹnì kan. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ìwádìí pè lórí fóònù ní ọdún kìíní, olùkọ́ jókòó nítòsí, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. "Bákan náà ni méjèèjì," ni aránṣọ wí. Ọdún kejì, bákan náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ò tiẹ̀ jẹ́ kó sinmi.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́! Tèmi ló ní bọ́tìnnì."

"Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Bá mi gbé omi mi wá."

Lẹ́yìn ọdún kejì yìí ni olùkọ́ dé lọ́jọ́ kan tó ní kí wọ́n gbé maṣíìnì wá sísàlẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju òkè lọ. Ìmọ́lẹ̀ wo? Ògiri aládùúgbò ni fèrèsé ìsàlẹ̀ kọjú sí. Aránṣọ kùn títí, ṣùgbọ́n ó rò pé bóyá ọmọ náà ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ ni, ló bá gbà.

Nígbà tó di ọdún kẹta, wọ́n ní kó wá fúnra rẹ̀. Olùkọ́ sìn ín lọ. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin kan tó fi bírò há etí, tẹ́ fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

"Ìbéèrè tó kẹ́yìn rèé, mà. Èwo ló sàn jù nínú méjèèjì?"

"Bákan náà ni wọ́n."

Nọ́ọ̀sì wo fọ́ọ̀mù ọdún kìíní, ó wo ti ọdún kejì. Ó yọ bírò kúrò létí. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ má torí wa yìn ín o. Ibi tó bá ń dùn yín la fẹ́ mọ̀. Ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn yín tí a fẹ́ ṣe tiẹ̀."

Ojú ti aránṣọ, ó tì í gidi. Ogójì ọdún ló fi ń bá àwọn èèyàn jà níwájú dígí nítorí irú ìdáhùn tó ń fún nọ́ọ̀sì yìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tiẹ̀ ò tilẹ̀ rìn ju ọdún mẹ́ta lọ.

"Òsì ló ń dùn mí," ó wí. Kò wo ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Níwájú. Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà wọlé, ó tẹ orúnkún náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní kò sí ohun tó yẹ̀, pé iṣan itan ló nílò agbára sí i. Ó wá já àpòòwé tí wọ́n ti fi ìdáhùn pamọ́ sí láti ọdún mẹ́ta. Òsì ló ní bọ́tìnnì.

"Ìyẹn ò ní kí bọ́tìnnì burú o, mà," dókítà sọ. "Àwọn kan wà tó jẹ́ èyí tí kò ní in ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹnì kan ò tó fi ṣèdájọ́. Ìdí tí a fi ń bi ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn."

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. "Ṣé pé tèmi ò ní nǹkan kan?" ó béèrè. Olùkọ́ ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, ẹ gba kámú." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, fèrèsé ọkọ̀ ló kọjú sí títí wọ́n fi délé. Gbogbo ìràwọ̀ orí ògiri yẹn ni ìyá rẹ̀ ń rò.

Nígbà tí wọ́n wọlé, aránṣọ jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀. "Ọmọ mi," ó ní, "kì í ṣe pé ohun tí o ṣe fún ẹsẹ̀ yìí ò dáa o. Mi ò fẹ́ kó dùn ọ́ ni."

Olùkọ́ bọ́ bàtà. "Màmá, kí lẹ rò pé mo gbé maṣíìnì yín wá sísàlẹ̀ fún?"

Aránṣọ wo fèrèsé. Ó wo ògiri aládùúgbò.

"Ẹsẹ̀ òsì lẹ máa ń kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ọ̀tún lè gbé yín dúró," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Lójoojúmọ́. Mo ti rí i látọdún kìíní. Mo rò pé ẹ̀ ń fi pamọ́ fún mi nítorí pé èmi ni mi ò ṣe é dáadáa."

Aránṣọ yí padà sí i. Ó nawọ́ sí àpótí ìránṣọ rẹ̀, ó mú tépù jáde, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi ìka kan sétí ọmọrí orúnkún òsì, sí ibì kan tí kò fi han ẹnikẹ́ni rí.

"Ibí yìí gan-an ni," ó ní. "Ibí yìí ló ti ń dùn mí."

Olùkọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan.