Òkú Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Gba Géètì Kọjá

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi mí jẹ alága ẹ̀sítéètì wa. Ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó ni, ó ti rẹ gbogbo wa, alága tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti kó lọ sí Lẹ́kkí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ iṣẹ́ náà. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, ló nàka sí mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi obìnrin ṣe é wò. Ó kéré tán, àyíká á mọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn Dádì gan-an nígbà náà. Òun ló ń bá wa bẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò nígbà tí a ń kọ́lé, òun ló sì gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́ tí a kó wọlé.

Ẹ̀sítéètì wa wà láàárín Mile 12 àti Owódé, lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀. Géètì ńlá kọjú sí títì Ìkòròdú. Géètì kékeré tó wà lẹ́yìn kọjú sí ọ̀nà tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí Ajégúnlẹ̀, lápá ibi tí odò wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wa ń gbé: àwọn bíríkìlà, àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́, àti obìnrin alágbàfọ̀ tó ń bá mi fọ aṣọ. Ìṣẹ́yìn ni obìnrin yìí àti bàbá rẹ̀ ti wá lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó máa ń pè mí ní Mọ́mì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fi aṣọ híhun ṣiṣẹ́ jẹun rí. Nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ẹ̀yìn, á máa dúró de ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè jọ rìn lọ sílé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò kọ̀, kò dá. Wọ́n wá tún tú omi dáàmù sílẹ̀ lápá òkè. Ọdọọdún ni omi máa ń wọ Ajégúnlẹ̀, àmọ́ tọdún yẹn gba ojú fèrèsé wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí mo máa fi dé géètì ẹ̀yìn, àwọn èèyàn ti dúró síta nínú omi tó mù wọ́n dé orúnkún, ẹrù wà lórí wọn, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Alágbàfọ̀ mi ló wà níwájú. Bàbá rẹ̀ ló pọ̀n. Ó fi ọ̀já gbà á mọ́ ẹ̀yìn bí ẹní pọn ọmọ, ẹsẹ̀ bàbá náà sì ń wọ́ nínú omi.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì wò mí. Ìyàwó òun fúnra rẹ̀ wà láàárín àwọn tó dúró síta yẹn, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún un láìjẹ́ pé alága sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́." Gbogbo ohun tí alágbàfọ̀ mi sọ nìyẹn.

Mo ní kí ẹ̀ṣọ́ ṣí i. Kétu ni wọ́n bí mi sí, nílé alágbàlá tí èrò kún fọ́fọ́. Tí òjò bá ká ẹnikẹ́ni mọ́ ìta wa, ìyá mi á ní ká sún, onítọ̀hún á sì wọlé. Ìyá mi kì í béèrè ẹni tó jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ohun tí mo sì ṣe nìyẹn. Mo kó wọn sínú gbọ̀ngàn ìpàdé wa.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí àwọn ará ẹ̀sítéètì wú. Wọ́n gbé búrẹ́dì wá, wọ́n kó aṣọ tí wọn ò wọ̀ mọ́ wá, àwọn kan sì gbé kámẹ́rà jáde. Ìyàwó Dádì se ìrẹsì. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọrin ọpẹ́ kí ó tó bù ú fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ nínú aṣọ tútù, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àánú ti tán. Wọ́n ní aṣọ tí wọ́n sá sórí ọgbà ń ba ojú ẹ̀sítéètì jẹ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ wọn ń pariwo. Ẹnì kan fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé ìgbẹ́ gbọ̀ngàn pa. Mo ṣí i, wọ́n tún tì í. Wọ́n ti ẹ̀rọ omi. Obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin gbé oògùn apakòkòrò wá láti fi fọ àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Obìnrin náà ò ní kó dìde. Ó rọra ń da oògùn náà sílẹ̀ yí i ká títí tó fi kan itan rẹ̀, tí ọmọ náà fi figbe ta. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Aunty Alága, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín."

Dádì pe ìpàdé.

"Alága wa, o ṣeun," ló fi bẹ̀rẹ̀. "O láàánú. Gbogbo wa la rí i. Ó ti tó."

"Dádì, níbo ni ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ? Omi ò tíì fà."

"Ibi tí wọ́n wà kí wọ́n tó wá."

"Inú omi ni, sà."

"Ṣé àwa la da omi síbẹ̀ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Dádì dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ìgbà tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "A ò ní kí o lé wọn. Ìwọ sá lọ bá wọn sọ ọ́. Ìwọ ni wọ́n gbà gbọ́. Tó bá jẹ́ ẹnu rẹ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní sí wàhálà."

Ohun tó dùn mí jù lọ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lé wọn, ojú mi ni wọ́n fẹ́ fi lé wọn.

"Mi ò ní sọ ọ́, Dádì."

"Ìwọ ni alága."

"Ìdí tí mi ò fi ní sọ ọ́ nìyẹn."

"A jẹ́ pé o kì í ṣe alága mọ́." Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Wọ́n nawọ́. Ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò nawọ́, kò sì sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ọ́fíìsì bí mo ṣe máa ń lọ. Nígbà tí mo fi máa dé, ilẹ̀ gbọ̀ngàn ti mọ́ fínnífínní, ó ń rùn fún oògùn. Inú òjò ni wọ́n kó wọn síta, àwọn ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n sì ní kó ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ géètì ẹ̀yìn ló gbé ẹrù ìyàwó ara rẹ̀ sójú títì. Wọ́n dúró tì í títí tó fi ṣe é tán.

Mo wa mọ́tò lọ sójú títì. Wọ́n wà lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, wọ́n rún mọ́ra. Alágbàfọ̀ mi gbé orí bàbá rẹ̀ lé itan. Mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún àwọn méjèèjì. Àwọn yòókù ń wò mí. Mo mú méjì yìí nítorí pé mo mọ̀ wọ́n, kò sí ìdí mìíràn. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sókè kí n lè rí i dáadáa. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì wa mọ́tò lọ.

"Ta lo tún kó wálé?" Ọkọ mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n bọ́ bàtà. "Àwa náà lọ́mọ nínú ilé yìí o."

Wọ́n gé omi ilé wa. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ọmọ mi pé àwọn òbí àwọn ní ilé wa ń rùn. Bàbá náà ń wúkọ́. Mo gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n ní òtútù ti wọ̀ ọ́ lára jù, wọ́n fún un ní oògùn, a sì padà wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ rẹ̀ ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu. Ògì náà ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì tún ń bù sí i, kó tó yé e pé bàbá òun ti kú.

Kò sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, a gbọ́dọ̀ sin ín lónìí. Àfáà wa wà ní Kétu."

Ọkọ mi ti wọṣọ iṣẹ́. Ó bọ́ táì rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ òkú náà mú, a sì gbé e sẹ́yìn mọ́tò.

Dádì àti àwọn mìíràn ti wà ní géètì ńlá. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn.

"Òkú àlejò ò gbọdọ̀ gba ibí kọjá," Dádì ní. "Àwọn ọmọdé ń gbé ẹ̀sítéètì yìí. Ẹ gba ẹ̀yìn."

"Omi ṣì wà lẹ́yìn, Dádì. Yóò mù wá dé àyà."

"Ẹ dúró kó fà."

Alágbàfọ̀ mi bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Dádì, ẹ foríjì wá. Ẹ jẹ́ kí n lọ sin bàbá mi." Ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ Dádì. Dádì fà sẹ́yìn kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa kan bàtà òun.

Ẹ̀ṣọ́ géètì ẹ̀yìn ni wọ́n gbé wá síwájú lọ́jọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú mi ló ń wò, kò wo ojú Dádì. Mo mọ̀ pé tí n bá ní kó ṣí i, á ṣí i, wọ́n á sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Tí n bá dákẹ́, òkú yóò jẹrà nínú mọ́tò mi.

"Má ṣí i," mo ní. "Gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó o kúrò níbẹ̀."

Ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó sì lọ kọjú sí ògiri. Mo mú un, mo fọwọ́ ara mi ṣí géètì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Bí a ṣe ń jáde, ẹnì kan tutọ́ sára gíláàsì mọ́tò, lápá ibi tí orí òkú wà.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́ ní Kétu, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n lé ẹ̀ṣọ́ náà dànù. Wọ́n ní ṣe ló yẹ kó ju kọ́kọ́rọ́ sínú gọ́tà dípò kó gbé e sílẹ̀ fún mi. Ó wá sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, àpò rẹ̀ wà léjìká. Mo ní kí n bá a wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. Ó mi orí. Ó ní, "Mọ́mì, ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe." Ó sì lọ.

Alágbàfọ̀ mi ò tún sùn nílé wa mọ́. Bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró kí omi fà. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn, kò sì wojú mi.

"Mọ́mì, ẹ ṣe é. Mo mọ̀ pé ẹ ṣe é. Àmọ́ àwọn ará àdúgbò wa tí kò gba ibí wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lọ sá sí ilé-ìwé kan ní Owódé. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ká ní ẹ ò ṣílẹ̀kùn fún wa ni, ibẹ̀ là bá lọ. Bàbá mi ì bá kú láàárín àwọn tó ń kí i."

Ó gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó lọ. Ẹnì kan sọ fún mi pé ó ti padà sí Ìṣẹ́yìn.

A ṣì gbé inú ẹ̀sítéètì náà fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí a tó kó lọ. Obìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin yẹn ló di alága. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Dádì ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí bóyá màá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Màá tún ṣe é. Mo mọ àwọn tí yóò jìyà rẹ̀, kì í sì í ṣe èmi.